Màmá Jíìpù, Agbẹ̀bí Orí Òkè: Ìgbésí Ayé Wọn àti Sítíárìn Tó Rọ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1946, nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà wá mọ̀ sí Màmá Jíìpù. Afọ́kùúta ni bàbá tó bí wọn, ọmọ afọ́kùúta, láti ìdílé tó ti ń fọ́ òkúta ní ẹsẹ̀ òkè kan náà kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Ìyá tó bí wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ní ìyá yìí rán ọwọ́ ẹ̀wù kan tán kó tó gbà láti dùbúlẹ̀, nítorí pé oníbàárà ń dúró. Ẹni tó bá mọ Màmá kò ní bi wá léèrè ibi tí wọ́n ti rí agídí wọn.

Ní 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wọn máa ń sọ pé ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kì í gbé ibì kan. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1964, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí agbẹ̀bí ní 1968.

Ní 1974, Màmá fẹ́ bàbá wa, mẹkáníìkì tó ń tún ọkọ̀ iléeṣẹ́ ìlera ṣe. Bàbá fúnra wọn jẹ́wọ́ fún wa pé kì í ṣe ẹwà ló kọ́kọ́ mú àwọn. Màmá ló wá bá wọn ní gáréèjì, wọ́n ní bíréèkì tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe kò mú dáadáa, òótọ́ sì ni. Inú bí Bàbá gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti ń bèèrè ọ̀nà ilé àwọn òbí Màmá. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, èmi tí wọ́n ní kí n kọ ìtàn yìí, àti àbíkẹ́yìn wa obìnrin.

Ní 1979 ni wọ́n gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn orí òkè. Iléeṣẹ́ fún wọn ní jíìpù kékeré kan, ìgbà tí iléeṣẹ́ sì fẹ́ tà á, Màmá ló rà á. Ọkọ̀ náà kúrú, ó ga, kò sí àpáta tí kì í gùn, ṣùgbọ́n sítíárìn rẹ̀ le koko. Tí wọ́n bá dé kọ́nà tóóró, àfi kí Màmá dìde díẹ̀ lórí ìjókòó, kí wọ́n fi gbogbo ara fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fà á dé àwọn abúlé tí ọkọ̀ mìíràn kì í dé, níbi tí àwọn aboyún ti ń dẹtí sí ìró ẹ́ńjìnnì wọn.

Ní 1998, làkúrègbé mú Màmá ní èjìká méjèèjì. Wọn ò lè gbé ọwọ́ dé orí láti ya irun, ká má tíì sọ ti sítíárìn. Ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ òun já sí kòtò, ní òun ń bọ̀ nílé wa lọ́jọ́ Ajé. Bí Màmá kò bá lè yí jíìpù po nínú àgbàlá, kí wọ́n wá jókòó sí ọ́fíìsì nígboro. Kò sì sí agbẹ̀bí mìíràn tó fẹ́ gun òkè yẹn. Màmá wọlé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sunkún. A ò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù bà wá.

Bàbá kò pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn. Wọ́n jáde lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ké sí wọn láti ìta: “Ìyá àwọn ọmọ, nu ojú ẹ. Tí èjìká ò bá lè yí i mọ́, a ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá ẹ yí i.”

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tó dùn nìyí, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Bàbá tú àpótí sítíárìn, irin tó ń ti táyà sí ọ̀tún àti òsì, lára bọ́ọ̀sì kékeré kan tó ti kú. Wọ́n rí pọ́ǹpù lára ọkọ̀ mìíràn, wọ́n fi bẹ́líìtì so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì, kó lè máa ti ọ́ìlì gba inú róbà lọ sínú àpótí náà, kí ọ́ìlì máa bá ọwọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn ajórin, tí a ń pè ní Kò-séwu nítorí pé kò sí iṣẹ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ìṣòro wọn kan ni pé àwọn méjèèjì kì í wọn nǹkan, wọn kì í yàwòrán. Ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Iwájú táyà ni àpótí náà máa ń wà lára bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn táyà ni àyè wà lára jíìpù. Wọ́n kọjú rẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n jó o mọ́ ṣáàsí, irin tó gbé ọkọ̀ ró, kò sì sẹ́ni tó bèèrè ìhà tí yóò máa ti táyà sí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àdúgbò pé. Màmá yí sítíárìn sí òsì, jíìpù kọrí sí ọ̀tún, ó wọ àárín aṣọ tí a sá, ó sì jáde níhà kejì pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dìṣíìtì lórí bí ìyàwó tuntun.

“Kò séwu,” ni ajórin wí. “Ó kàn yí padà ni.”

Màmá kò bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín ń pa wọ́n, omi sì ń bọ́ lójú wọn. “Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rọ̀, Bàbá àwọn ọmọ, ó mà rọ̀ o! N ó máa rántí pé òsì ni ọ̀tún.”

“Ìwọ á rántí,” ni Bàbá wí. “Ta ló máa sọ fún ẹni tó ń bọ̀ níwájú?”

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá, tí kì í fi ẹgbẹ́ akọrin ṣeré, náà kò lọ; wọ́n ní Ọlọ́run á gbọ́ ti àwọn láti abẹ́ ọkọ̀. Bàbá àti Kò-séwu gé irin náà kúrò, wọ́n yí àpótí padà, wọ́n tún un jó. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú róbà jẹ́ kí pọ́ǹpù máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n dì mú. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n wa ń da ọ́ìlì sí i, Màmá ń yí sítíárìn lọ, wọ́n ń yí i bọ̀, títí igbe náà fi rọlẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀gá dé. Màmá fi ìka méjì yí jíìpù po nínú àgbàlá, kò kan ògiri. Ọ̀gá ní kí òun náà jókòó sí i wò. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó gbàgbé pé òun wá ṣe àyẹ̀wò. Ó ní, “Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín, Màmá.” Màmá ò tilẹ̀ paná ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀gá ṣe bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbé báàgì wọn sínú ọkọ̀, ó di òkè. Àwa ọmọ sáré tẹ̀lé wọn dé oríta, à ń pariwo bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Inú wa dùn ju bó ṣe yẹ lọ, títí di òní ló sì ń dùn.

Màmá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní 2006, ṣùgbọ́n wọn ò yé gun òkè. Wọ́n fi jíìpù náà kọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin ní ọkọ̀ wíwà, wọ́n sì máa ń bá wọn wí kíkankíkan. Ní 2017, wọ́n fi iṣẹ́ lé agbẹ̀bí méjì tó jẹ́ ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wa ọkọ̀ bọ̀ wálé, wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé àbíkẹ́yìn wa lọ́wọ́, wọ́n ní, “Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi o. Èmi ni mo gbé e sílẹ̀.”

Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, wọn ò jí mọ́. Ó dùn wá dọ́kàn. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje, àti àwọn ọmọ orí òkè tí a ò lè kà tán, tí púpọ̀ nínú wọn wà láàárín wa níhìn-ín.

Wọ́n ti jó irin mọ́ ẹ̀yìn jíìpù kí pósí lè jókòó dáadáa. Bàbá ló máa wà á. Màmá, ẹ sinmi lẹ́yìn lónìí, kí ẹlòmíràn gbé yín lọ. Ẹ sùn re o.