Iná Yàrá Màmá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Àwọn onírin ti kó dé òdìkejì títì. Láti aago méje àárọ̀ — gbàù, gbàù, gbàù — géètì ni wọ́n ń lù. Tí wọn ò bá lù, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ gé irin. Pálọ̀ mi ló kọjú sí wọn, pálọ̀ yìí náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́.

Ilé ẹjọ́ á fi ohùn àwọn ẹlẹ́rìí ránṣẹ́ sí mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èmi á fetí sí i, màá tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan sọ lónìí pé ọkọ̀ òun ló bàjẹ́ lọ́nà. Mo tẹ̀ ẹ́ pé ọkọ òun ló bàjẹ́. Ni Ọ̀gá Kọmá bá pè mí. (Ọ̀gá mi nìyẹn. Kò sí kọmá tó lè sá mọ́ ọn lójú.) Ó ní, "Màmá, ṣé ọkọ̀ ló bàjẹ́ ni àbí ọkọ?" Mo ní ó lè jẹ́ méjèèjì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fún mi di ìparí oṣù. Bí àṣìṣe ò bá dínkù, òun á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ohùn ta ni màá máa gbọ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Yàrá kan ṣoṣo ló wà tí ariwo ò lè dé. Yàrá Màmá, ìyá tó bí mi, lẹ́yìn pátápátá. Mi ò ṣí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú wọn jáde níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá màá ṣí i.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Mo ṣí i.

Eruku. Ibùsùn. Ìgò oògùn kan lórí fèrèsé. Mo tan iná, gílóòbù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ — ó yà mí lẹ́nu. Ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ èémí ara mi. Mo gbálẹ̀, mo wọ́ tábìlì wọlé, mo gbé kọ̀ǹpútà lé e. Íńtánẹ́ẹ̀tì ò dé ibẹ̀ rárá. Pálọ̀ ni àpótí tó ń pín in wà, ògiri mẹ́ta ló sì wà láàárín. Bàbá ò fi búlọ́ọ̀kù ṣeré nígbà tí wọ́n ń kọ́lé.

Mo pe Alákòóso. (Ọmọ mi obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí. Ìlú òkèèrè ló wà, ibẹ̀ ló ti ń darí mi.) Ó ní, "Màmá, kò le. Wáyà iná tó ti wà nínú ògiri ló máa gbé íńtánẹ́ẹ̀tì dé yàrá." Mo ní ṣebí iná ni wáyà iná ń gbé, ṣé ó tún máa ru ẹrù ẹlẹ́rù ni? Ó ní ọ̀nà kan náà ni mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ ń gbà. Ó ní òun á fi ohun tó ń ṣe é ránṣẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin la fi sọ̀rọ̀. Mo wo aago.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ẹnì kankan ò pè.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ẹrù dé. Àpótí funfun kékeré méjì, wọ́n jọra bí ìmumu. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ: Táyé, Kẹ́yìndé. Ẹnu Táyé wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, okùn kan so ó mọ́ àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kẹ́yìndé á lọ sí yàrá tí èèyàn bá fẹ́ ẹ sí. Iná kéékèèké méjì ló wà lára wọn. Èkíní ń sọ pé iná wà. Èkejì, aláwọ̀ ewé, kì í tàn àfi tí ọ̀kan bá ti rí èkejì rẹ̀.

Ilé ìdáná: wọ́n rí ara wọn. Yàrá mi: wọ́n rí ara wọn, mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Yàrá Màmá: Kẹ́yìndé tan iná kìíní, ó ń wò mí. Ti ìkejì, kò sí ohun tó jọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Gbogbo àárọ̀ lórí fóònù pẹ̀lú Alákòóso. Ẹ yọ fíríìjì. Ẹ ki wọ́n bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri gan-an, ẹ má fi okùn iná fà wọ́n. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Táyé, kí ìṣẹ́jú méjì tó pé ẹ ti tẹ ti Kẹ́yìndé — mo sáré láti pálọ̀ dé ẹ̀yìn lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta, orúnkún ń bú mi. Pàbó.

Alákòóso tún bèèrè nǹkan mìíràn. Ó ní, "Màmá, ṣé mítà kan náà ni gbogbo ilé ń lò?"

Mo ní báwo ni ilé kan ṣe máa ní mítà méjì. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ ni mo rántí pé ilé yìí kì í ṣe ilé kan mọ́.

Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀. Ilé Bàbá ni. Lẹ́yìn tí Màmá kú, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pín in sí méjì, a mọ ògiri dábùú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdajì tèmi kọjú sí títì yìí, ìdajì tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn sí òpópónà ẹ̀yìn. Nínú ìwé yìí, Apá Kejì ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi náà. Nọ́ọ̀sì ni. Òun ló tọ́jú Màmá. Ọ̀sán ni Màmá kú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló tó pè mí. Ibi iṣẹ́ mi nígbà náà ò sì tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílé. Ó jẹ́ kí ìyá mi kú láìsí èmi níbẹ̀.

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Oníná tí mo pè kó wá wo wáyà dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń bá wáyà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ewúrẹ́ wí. Ó wọ inú àjà, ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú òwú aláǹtakùn lórí bíi fìlà. Ó pa síwíìṣì ńlá mi. Gbogbo ilé ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, fíríìjì dákẹ́. Gílóòbù yàrá Màmá ṣì ń tàn.

Ó ní, "Màmá, yàrá yìí kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín ló ti ń jẹun. Apá tẹ̀gbọ́n yín ni."

Mo jókòó sí etí ibùsùn.

Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Òun á fa wáyà tuntun láti ọ̀dọ̀ mi, òun á já tàtijọ́. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ pa á láti ọ̀hún kí òun tó fọwọ́ kàn án. "Mo láya, Màmá. Mo lọ́mọ."

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo rán oníná sí Apá Kejì. Ó padà dé, ó ń họ orí. "Wọ́n ní kí ẹ wá fúnra yín. Wọ́n ní ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni."

Mi ò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Òjò rọ̀. Mi ò lọ. Ọpẹ́ ni fún òjò.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọ̀gá Kọmá: àṣìṣe mẹ́sàn-án nínú ojú ìwé méjìlá. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ ti ṣe dáadáa fún wa látọjọ́ yìí, Màmá." Bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń lọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo lọ.

Mo pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo yí igun, mo kọjá ilé olóògùn, mo tún yí igun. Mo kan ilẹ̀kùn.

Ó ti darúgbó. Ẹnì kankan ò sọ fún mi. Irun rẹ̀ ti funfun tán, ọwọ́ òsì ń gbọ̀n. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú.

Ó ní, "O ti ṣí yàrá náà."

Mo ní báwo lẹ ṣe mọ̀. Ó mú mi lọ síbi àpótí síwíìṣì. Ìwé pélébé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ síwíìṣì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ́: pálọ̀, ilé ìdáná, ìta. Ti ìkẹyìn: Màmá. Ó ní ẹni tó pín mítà nígbà náà sọ fún òun pé yàrá yẹn ṣì kù sọ́dọ̀ òun. "Mo ní kó fi í sílẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé mi. Mo ní lọ́jọ́ tí mo bá rí iná níbẹ̀, màá mọ̀ pé ọkàn rẹ ti ń rọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú ju èébú lọ. Mo wá sọ ohun tí mo ti ń bá ògiri sọ láti ọdún mọ́kànlá: ìyá mi kú lọ́sàn-án, ẹ dúró di aago mẹ́fà. Kí ni mo ṣe fún yín?

Ó jókòó.

"Mo sùn," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò tíì fojú kan oorun. Mo di ọwọ́ Màmá mú, mo ní kí n kàn pajú dé. Nígbà tí mo lajú, ọwọ́ náà ti tutù. Èmi, nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Gbogbo ẹbí ló ń sọ pé ọkàn àwọn balẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹnu tí màá fi sọ fún ọ. Mo jókòó tì wọ́n títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀."

Ó ní, "Jẹ́ kí oníná wá. Màá pa á fún un. Ó ti tó."

Mo dìde, mo wá sílé. Mi ò kí i pé ó dàbọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Oníná ṣe é. Ó pe Apá Kejì lórí fóònù, "Ẹ pa á, Màmá!" — gílóòbù kú. Wákàtí mẹ́ta, wáyà tuntun, gílóòbù tàn, ti ọ̀dọ̀ mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo ki Kẹ́yìndé bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Iná kìíní. Iná kejì, aláwọ̀ ewé, kò ṣẹ́jú.

Oníná ní, "Ẹ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

Mo pe Alákòóso kí n lè ròyìn. Ó wà nínú ìpàdé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ojú ìwé mẹ́rìnlá, àṣìṣe kan. Ọ̀gá Kọmá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́." Iṣẹ́ kò bọ́ mọ́.

Yàrá yìí dára fún gbígbọ́. Kò sí irin. Mo ń gbọ́ bí ẹlẹ́rìí ṣe ń dá itọ́ mì. Lọ́sàn-án òní, agbẹjọ́rò kan ń bi ọlọ́dẹ kan pé: "Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ náà, níbo lẹ wà?" Ọkùnrin náà dákẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́: ẹlẹ́rìí dákẹ́. Ó ṣì dákẹ́. Mo ka ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlélógún.

Mo yọ ohun ìgbọ́rọ̀ tó wà létí mi.

Mi ò kọ èyí sínú ìwé kankan rí. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ tí Màmá kú, mi ò sí níbi iṣẹ́. Mo ti gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo ní mò ń lọ wo ìyá mi. Mi ò lọ. Mo jókòó sí ibùdókọ̀, mo ra bisikíìtì, mo ń wo bọ́ọ̀sì tó ń lọ. Ó ti sú mi. Òórùn oògùn, ìkérora, gbogbo rẹ̀ ti sú mi. Mo sì ti pa fóònù mi, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí. Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ni mo tó tàn án.

Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Ó rọrùn fún mi láti mọ ògiri ju kí n sọ ọ́ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ láàárọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ibùdókọ̀. Bisikíìtì. Fóònù.

Wọn ò gbójú sókè. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà nínú àwo, wọ́n ń ṣà á lọ. Wọ́n ní, "Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kó o wá gba ipò mi kí n lè sùn díẹ̀. Fóònù ń sọ pé o ti pa tìrẹ."

Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ń dá wọn lẹ́jọ́, wọ́n mọ̀.

Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ ọ́ jáde, kí ẹ fi pa mí lẹ́nu mọ́.

Wọ́n gbé àwo sílẹ̀. "Bí mo bá sọ ọ́, ìwọ lo máa ru ẹ̀bi náà. Èmi kọ́ ni ẹ̀gbọ́n ni?"

Mo sunkún. Wọ́n sunkún. Ẹnì kankan ò sọ fún ẹnì kejì pé kó dákẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n wá bàtà wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí yàrá náà. Mo di ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn mú. Wọn ò lè rìn kíákíá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la dúró kí wọ́n lè mí. A wọlé, a gba pálọ̀ kọjá. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá, wọ́n dúró. Wọ́n ń wo ibùsùn náà. Wọn ò lè wọlé.

Mo ní kò sí kánjúkánjú.

A dúró síbẹ̀.