Ìka Kan Tí Làálì Kò Kàn

Bàdírátù, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí a gbé ọ padà wálé lórí omi, tí o ò sì mọ̀ pé o ti délé.

Èmi Sùlèímánì ọkọ rẹ ló ń kọ̀wé yìí sí ọ. O mọ̀ pé ìwé mi ò lọ jìnnà. Bí mo bá kọ díẹ̀, màá dúró, màá wo ẹnu ọ̀nà, màá tún bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí o ti lọ ni mo ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Òkun ti gba yàrá iwájú méjèèjì. A ti kó sẹ́yìn, sórí òpó tuntun tí Sódìq ọmọ wa rì mọ́lẹ̀. Òun ló ń wa ọkọ̀ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sídìí ibi tí o ti ń yan ẹja. Èéfín rẹ ò kú o. Ìwọ lo kú.

Sàlímátù ọmọbìnrin wa tí o fi sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ti di nọ́ọ̀sì. Yàrá tí wọ́n ń kó àwọn tí àìsàn wọn le jù sí ló ti ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí o kú sí. Mo ní kó kúkú lọ sọ́dọ̀ àwọn aláboyún, níbi tí èèyàn ti ń wáyé. Ó kọ̀. Ìwọ ló jọ.

Mi ò tíì gbàgbé yàrá yẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ so yìgì Sódìq ni. Làálì ṣì dúdú lọ́wọ́ rẹ láti orí èékánná dé ọrùn ọwọ́, torí o ní ìyá ọkọ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyàwó yọ ju òun lọ. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ wọ̀ ọ́ láyà. O ò lè dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, àyà mi lo fẹ̀yìn tì títí a fi dé orí ilẹ̀.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan gbá ìka rẹ mú, bí ohun tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Ó yẹ kó máa sọ bóyá èémí ń dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ó ń ké. Nọ́ọ̀sì gbé e sí ìka mìíràn, ó tún ké. Ó ní làálì ni kò jẹ́ kó ríran. Òótọ́ ló sọ. Ló bá pa igbe ẹ̀rọ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ ò ríran, kò sì fi ojú tirẹ̀ rọ́pò!

Ihò imú rẹ ń fẹ̀. Ìhà rẹ ń wọnú. O ń fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì, o ń jà, wọ́n ní màmá yìí lágídí. Wọ́n ní kí n bọ́ síta, pé iṣẹ́ àwọn làwọn mọ̀. Ojú gíláàsì ni mo ti rí i tí ètè rẹ dà bí aró. Ìgbà tí wọ́n fi máa sáré dé, ó ti parí.

Wọ́n ní àkókò rẹ ló tó. Mo gbà pé Ọlọ́run ló ni àkókò. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ló pa ẹnu ẹ̀rọ yẹn dé. O mọ̀ mí lórí omi. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà báyìí, màá yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá omi tó ń mú un tutù ṣì ń tú jáde. Mi ò jẹ́ fi aṣọ bò ó kí etí mi lè sinmi. Ọkọ̀ lásán nìyẹn o, kì í ṣe èèyàn.

Láti ìgbà náà, làálì ò wọlé mi mọ́. Bí mo bá rí ọwọ́ dúdú, màá yí ojú kúrò. Lọ́dún Iléyá, mo lé àwọn obìnrin tó gbé e wá.

Yìgì Sàlímátù wá dé, ó lóun fẹ́ làálì. Mo ní bó bá lé e, mi ò ní jókòó níbẹ̀. Kì í ṣe ìbínú, Bàdírátù. Ẹ̀rù ni. Bí àìsàn bá ṣe òun náà ńkọ́?

Ó wá jókòó sẹ́sẹ̀ mi. Ó ní bí aláìsàn bá wọlé pẹ̀lú làálì, etí làwọn máa ń fi ẹ̀rọ náà há, tàbí kí wọ́n lẹ irú rẹ̀ mọ́ iwájú orí. Bí iyèméjì bá ṣì wà, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò. Ó ní kí wọ́n tó wo ẹ̀rọ rárá, ètè àti ahọ́n ni wọ́n ń wò, wọ́n á ka bí àyà ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹni tó bá sì dédé ń jà, wọn kì í pè é ní alágídí, èémí ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ó wá wò mí lójú.

“Bàbá mi, làálì kọ́ ló pa Ìyá. Gbogbo ara Ìyá ló ń sọ̀rọ̀, wọn ò wò ó ni.”

Mo jẹ́ kí làálì wọlé.

Obìnrin tó lé e fún ọ náà ló lé e fún un. Bó ṣe kan ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò, Sàlímátù fà á sẹ́yìn. Obìnrin náà bi í pé ṣé ó ń dùn ún ni. Ó ní rárá, ti ìyá òun nìyẹn. Ìyàwó Sódìq na ọwọ́ tirẹ̀, òun náà fi ìka kan pamọ́. Àwọn tó kù ṣe bẹ́ẹ̀. Ní báyìí, bí àwọn obìnrin bá ń kó ẹja bọ́ sílẹ̀ ní èbúté, màá rí ọwọ́ dúdú, màá rí ìka kan tí kò ní làálì, màá mọ̀ pé wọ́n ń rántí rẹ.

Ó dára. Ṣùgbọ́n kò tó mi. Ìwọ ni mo fẹ́, kì í ṣe ìka. Mi ò tíì lè dárí ji nọ́ọ̀sì tó pa igbe ẹ̀rọ yẹn, mi ò sì ní purọ́ fún ọ.

Nígbà tí wọ́n ń so yìgì Sàlímátù, ìka rẹ̀ yẹn ni mo dì mú. Ó gbóná. Mo dì í mú títí àdúrà fi parí, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bí mo ṣe ń wá ọ tó nìyẹn, Bàdírátù. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ tó nìyẹn, títí dòní.