Ooru Tí Páńẹ́lì Kò Rí

Ọjọ́ Àìkú, ìrọ̀lẹ́. Èmi, Aládé, ni mo kọ ọ́.

Ojú ń tì mí. Agbára ìdènà iná (rẹsísítáǹsì) sẹ́ńsọ̀ ooru tuntun tí mo fi sí jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ju ohun tí páńẹ́lì tó ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì lè kà lọ, ni páńẹ́lì náà bá ń ké ṣáá. Kàkà kí n wá èyí tó bá a mu, mo so rẹsítọ̀ kékeré kan mọ́ ọn láti fi tan páńẹ́lì jẹ. Ariwo dákẹ́. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì gbóná, bí kò gbóná, nọ́ńbà kan náà ni páńẹ́lì ń gbé jáde.

Ọ̀lẹ lásán!

Lónìí, wòlíì pè mí síwájú ìjọ. "Jẹnẹrétọ̀ wa ò ké mọ́! Ọlọ́run yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí."

Òórùn ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná jù ń gba ojú fèrèsé wọlé.

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Tèmi ló ròkè jù.