Ìparí Ìwé Tí Mo Yí Padà

Tantí Flavienne, mo kí yín ní Libreville, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san. A ti kórè àgbàdo wa ní Issaba níbí.

Bàbá ní kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Inú ń bí mi. Mo ń ka ìwé tí ẹ fún mi fún Màmá ní Yorùbá bí a ti ń pa ẹ̀kùrọ́, èyí tí obìnrin òyìnbó kọ láyé Ọbabìnrin Victoria, nípa ọmọbìnrin tó fẹ́ kàwé.

Màmá ní: "Olóríkunkun bíi tìẹ! Ibo ló wá já sí?"

Mo ní ọmọbìnrin náà di olùkọ́. Irọ́ ni. Nínú ìwé náà, wọ́n fi í fún ọkọ tí kò fẹ́, ó sì kú. Bóyá òǹkọ̀wé náà fẹ́ kó dùn wá ni.

Màmá ní: "Màá bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀ kó jẹ́ kó o máa kàwé lọ."

Tantí, bí Màmá bá bi yín nípa ìparí ìwé náà, ẹ gbè mí lẹ́sẹ̀. Ẹ ní olùkọ́ ni ọmọbìnrin náà dà. Ọlọ́run á gbè yín.

Ọmọ yín, Sonia