Ojú Ewé Tí Ẹ Fọwọ́ Lé

Dádì mi àtàtà,

Mọ́mì ti ta ṣọ́ọ̀bù yín ní Mile 12. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́kọ́ sọ ọ́, kí n má baà máa pọ́n ọ̀rọ̀ lá bí mo ṣe máa ń ṣe. Orúnkún wọn ò gba ìdúró mọ́. Ẹni tó rà á ti kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọ̀dà búlúù. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ, mi ò sì lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Owó náà ni wàhálà mi. Kí Mọ́mì tó bi mí rárá ni wọ́n ti ní kí ẹni tó rà á san án sínú àkáǹtì mi. Wọ́n wá bá mi nílé ní Kétu, wọ́n jókòó sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí.

"Ìwọ lo kàwé nínú wa. Ṣíà báńkì wo ni ká fi rà?"

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin náà sọ fún mi nìyẹn, Dádì. Mo dìde lọ sí kíṣìnì, mo lọ ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tiwa? Ẹ ti ta ilẹ̀ Ṣàgámù, ẹ fẹ́ fi owó rẹ̀ ra ṣíà, ìyẹn ìpín nínú báńkì, kí èrè rẹ̀ máa bọ́ yín, kí ẹ lè kúrò lọ́jà. Báńkì méjì la ń wò. Báńkì kéékèèké ni wọ́n, agbègbè kan ṣoṣo ni ìjọba fún wọn láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọ̀kan ní Onígíláàsì nítorí ilé rẹ̀ tó ń dán, ẹ sọ èkejì ní Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà nítorí ibi tó wà. Onígíláàsì lèmi fẹ́. Èrè tó ń pín lọ́dọọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti èkejì, iye ṣíà rẹ̀ sì ń gòkè ṣáá. Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà ní tirẹ̀ ń rìn bí ìgbín. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀yin náà fi rẹ́rìn-ín.

Mo tẹ́ ìwé ìṣirò ọdún àwọn méjèèjì sórí tábìlì. Ẹ mú ti Onígíláàsì, ẹ sì ṣí i láti ẹ̀yìn. Mo rò pé nítorí pé ẹ ò gbọ́ òyìnbó ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan láìdà á sílẹ̀ kí ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí èyí tó pọ́n dáadáa ni wọ́n máa ń tò sókè, tí jíjẹrà á wà nísàlẹ̀! Èmi tí mo ń bá yín lọ́jà ní gbogbo ìsinmi, tí mo mọ àṣà yìí bí ẹni mowó, mi ò rí i pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn. Ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé ò lè gorí igi rí i. Èmi tiẹ̀ gorí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì, mi ò rí nǹkan kan. Ẹ fi ìka lé ojú ewé kan tó kún fún nọ́ńbà.

"Kí lèyí?"

Mo ní ọ̀rọ̀ àwọn aṣírò-owó ni, kò kàn wá. Mo sì pa ìwé náà dé mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ ò bá mi jiyàn. Ẹ ra Onígíláàsì.

Nígbà tó yá, èrè dáwọ́ dúró, iye ṣíà já wálẹ̀, ìjọba sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì náà. Ẹ wọ bàtà rọ́bà yín, ẹ padà sọ́jà. Ibẹ̀ lẹ ṣubú sí láàárín apẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ò sì dé ọsibítù kí ẹ tó lọ. Kí ló dé tí ẹ ò bú mi? Bí mi ò bá pa iná, ẹ ó bú mi. Bí mo bá gbàgbé ìyọ̀ nínú ọbẹ̀, ẹ ó bú mi. Ǹ bá fara mọ́ èébú yẹn jù.

Lánàá, mo ṣí àpótí tí ẹ ń kó ìwé sí, torí mo fẹ́ fi àwọn ìwé àtijọ́ wé ìwé tuntun ti Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà, tó ṣì dúró títí di òní, tí mo ń rò fún owó Mọ́mì. Mo rí ìwé Onígíláàsì yẹn. Ẹ ti ṣẹ́ etí ojú ewé náà. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: Tún bi í.

Ìgbà wo lẹ fẹ́ bi mí, Dádì? Ṣé àwọn Sọ́ńdè tí mo ń jẹun kíákíá, tí mo ń wo fóònù, tí mo ń sọ pé mo ti ń lọ? Ìgbà mélòó lẹ ti la ẹnu tí ẹ tún pa á dé? Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí yẹn, mo sunkún bí ọjọ́ tí a sin yín.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé Ẹ̀gbẹ́ Gọ́tà jókòó ti Mọ́mì, mo ṣí i láti ẹ̀yìn, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún wọn lẹ́sẹẹsẹ. Jíjẹrà tirẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ó ju ti èṣí lọ. Mọ́mì náà fi ìka lé e, wọ́n bi mí pé kí ló dé tó fi pọ̀ sí i. Mo ní mi ò tíì mọ̀, mo máa lọ béèrè. Wọ́n ní kí owó náà ṣì jókòó ná. Ó máa jókòó.

Àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí. Dádì, owó tí báńkì yá àwọn èèyàn, tí wọn ò ní san padà mọ́ láéláé, ló wà lójú ewé yẹn. Ó pọ̀ gan-an. Ọwọ́ yín ti dé ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ náà.

Èmi ni,
ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tó pẹ́ kó tó dá yín lóhùn.