Má Gba Àmì Aláwọ̀ Ewé Yẹn Gbọ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Mo gbà á ládùúrà pé ara le, pé oorun tí o lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn sì wọ̀ ọ́ lára. Ara tèmi náà le, àfi pé ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Orí ìdúró ni mo wà tí mo ń kọ èyí, torí bí mo bá ti jókòó ni mo tún ń dìde.

Mo pè ọ́ títí, o ti pa fóònù. Èmi náà ni mo ní kí o máa pa á tí o bá fẹ́ sùn, n kò lè bínú. Mo pe òtẹ́ẹ̀lì, ọmọbìnrin tó gbé e ní àwọn kì í jí awakọ̀ bàálù. Mo ní ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, ó ní ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn. Ní ọ́fíìsì yín, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn, tẹ ọ̀kan, tẹ èjì. Ni mo bá ní kí n kọ èyí sórí fóònù rẹ, kí o rí i bí o bá ti tàn án.

Ọ̀rọ̀ ìwé àkọsílẹ̀ orí fóònù tí mo ń ṣe fún ẹ̀yin awakọ̀ ni. O rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀: o jókòó ní pálọ̀ mi tìwọ ti yúnífọ́ọ̀mù, ò ń kọ wákàtí tí o fò sínú ìwé ńlá yẹn, oorun sì ń gbé ọ lọ. Mo ní kí n bá yín mú un rọrùn. Mo sọ bọ́tìnnì di ńlá nígbà tí o ráhùn pé àtàǹpàkò rẹ kì í ṣe ti ọmọ ìkókó. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kí ó má baà máa gún yín lójú nínú òkùnkùn. Ìyẹn dára.

Ibi tí mo ti ṣe àṣejù ni ti aago. Aago kan ṣoṣo lẹ̀yin awakọ̀ ń lò káàkiri ayé, ìlú yòówù kí ẹ wà. Mo rò pé ó ń dà yín láàmú, ni mo bá ní kí ìwé náà máa lo aago ìlú tí ẹ bá wà. Láàárọ̀ yìí mo wo ìrìnàjò rẹ àná: ìwé ní o sọdá òkun láàárín àkókò tí aṣọ tí mo sá kò tíì gbẹ. O fi aago ilé gbéra, o fi aago ibẹ̀ tó wà lẹ́yìn tiwa balẹ̀, ìwé sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ó jẹ wákàtí rẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo àyẹ̀wò tí a ti ń ṣe, láàárín àwọn ìlú tó ń lo aago kan náà ni.

Ohun tó ń já mi láyà ni ohun tí o kọ sí mi kí o tó sùn: pé awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ kan ṣàìsàn, wọ́n sì ní kí o bá a gbé bàálù rẹ̀ wálé lálẹ́ yìí tí o kò bá tíì fò tó iye wákàtí tí òfin fi mọ fún awakọ̀. Wàá ṣí ìwé mi, wàá rí àmì aláwọ̀ ewé tó ní ààyè ṣì wà. Irọ́ ni. Kò sí ààyè kankan.

Mo lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ó ní kí n rọra tún ìwé náà ṣe láìpariwo, torí àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ lọ́la, àti pé ẹnì kan péré ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo ní ẹnì kan péré náà ni ìyá mi bí tẹ̀lé mi. N kò dúró gbọ́ èsì.

Jọ̀ọ́, kọ̀ fún wọn. Mo mọ̀ pé kíkọ̀ máa ń ni ọ́ lára. Tí wọ́n bá bèèrè ìdí, sọ pé ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ló ṣi ìṣirò ṣe. Dárúkọ mi, má bò mí. Tí wọ́n bá lé mi, n óò wá iṣẹ́ mìíràn.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ lókè àti nílẹ̀. Wàá máa lọ, wàá máa bọ̀, ibi kò ní bá ọ pàdé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tó fẹ́ràn rẹ.

Àfikún: Tí o bá ka èyí tán, má kọ́kọ́ pè mí láti tù mí nínú. Ọ́fíìsì yín ni kí o kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà kí o wá pè mí. Kò pọn dandan kí o sọ nǹkan kan, kí n ṣáà ti gbọ́ pé orí ilẹ̀ ni o wà.