Bí Serifat Ṣe Bọ́ Sídìí Sítíárì

                                        18, Redstone,
                                        Calgary, Alberta,
                                        Canada.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Akínbámi, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbà wọ́n láyè láti rìn dáadáa? Ara tiwa le, a dúpẹ́. Snow àkọ́kọ́ já lulẹ̀ lánàá.

O ní kí n ròyìn ìdíje ọkọ̀ tí a lọ. Ṣé o rántí ògbólógbòó pickup tí mo rà? Adéfúnmi, mekáníìkì ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní àdúgbò Savanna ní Calgary níbí, ló bá mi fi turbo sí i nínú garage mi. Turbo yìí ló ń fipá ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Sátidé mẹ́fà la fi ṣe é. Ọkọ̀ tí kì í lè gun òkè wá ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ìgalà. Adéfúnmi kìlọ̀ pé kí n má ṣí turbo náà tán nínú ooru aṣálẹ̀. Mo ní mo ti gbọ́.

A wakọ̀ fún ọjọ́ méjì, a kọjá bọ́dà, a dé aṣálẹ̀ kan ní Nevada. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀, Serifat ìyàwó mi jókòó tì mí, ó ń wo máàpù àti gééjì. Àmọ́ láàárọ̀ ìdíje, mo ti yọ́ lọ ṣí turbo náà tán, n ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ dùn, ọ̀rẹ́ mi. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án ni mo yà sílẹ̀ nínú eruku. Serifat ní gééjì ooru ti ń gòkè, kí n rọra. Mo ní kó relax. Kò pẹ́ tí èéfín funfun fi bò wá lójú, mo sáré pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo àwọn tí mo yà sílẹ̀ ló kọjá lára wa. Níbi tí a ti ń dúró kó tutù ni mo ti jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò bínú. Ó kàn wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tí kò lo oògùn, ó ní, "Tádé, sún sí ọ̀hún."

Mo dá turbo padà sí bí Adéfúnmi ṣe tò ó, mo bu omi sí rédíétọ̀, Serifat sì bọ́ sídìí sítíárì. Òfin ìdíje gbà á láyè. Àṣé òótọ́ ni pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn tó sáré kọjá wa ti ń rì sínú yanrìn, Serifat ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Ipò kẹrin la gbà nínú ọkọ̀ mẹ́tàlélógún. Mo sunkún, òun ń rẹ́rìn-ín.

Fọ́ọ̀mù ìdíje ti ọdún tó ń bọ̀ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, Serifat ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí àyè awakọ̀. Mo mú bírò, mo kọ tèmi sí àyè ẹni tí yóò máa wo máàpù.

Bá mi kí Màmá àti gbogbo ilé. Serifat náà ní kí n kí yín.

                                        Èmi ni tìrẹ, lójú yìnyín lójú oòrùn,
                                        Tádé.